Ìka Mẹ́ta Lórí Báńjò

"Na ọwọ́ méjèèjì síta."

Félicien gbé báńjò rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá títì, ó sì na ọwọ́ síta. Oòrùn ọ̀sán ń ràn lójú irin rélùwéè. Àwọn obìnrin tó ń ta edé ní òdìkejì títì ti ń wo ibòmíràn. Ọlọ́pàá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin onírunmú pupa tí Félicien fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù, fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

"Ó rọ̀ bí òwú," ni ó wí. "Èékánná wo wá lo dá sí lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ yìí? Ṣé o fẹ́ máa fi họ ara ni?"

"Báńjò ni mo fi ń ta, ọ̀gá. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí ìka òsì mi, ẹ wò ó bó ṣe le bí awọ bàtà. Okùn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní orí ìka. Àtẹ́lẹwọ́ ni mò ń wò. Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

Félicien wo báńjò rẹ̀ nílẹ̀. Ká ní àná ni, ì bá ti dáhùn kíá pé Numa Gaspard ni, ẹni tó ń fọn fèrè idẹ, tó sì ni ẹgbẹ́ eléré tó lókìkí jù ní àdúgbò wọn. Ṣùgbọ́n òun àti Numa ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán láàárọ̀ yẹn ni. Numa ló na ègé kékeré kan tí wọ́n fi igbá ahun gbẹ́ sí i níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Fèrè mi ń ké, ìlù ń dún, báńjò tìẹ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fadá," ni Numa wí. "Ta ló ń gbọ́ ọ? Fi èyí gbá okùn yẹn, kó dún gbàn-gbàn, káwọn oníjó lè gbẹ́sẹ̀."

"Bàbá tó bí bàbá mi ò fi nǹkan kan gbá báńjò rí. Ìka mẹ́ta ló fi kọ́ mi."

"Ajá tó máa sọnù ò ní í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó yá, máa lọ sílé. Tó o bá ronú tán, kó o padà wá."

Oṣù kẹwàá ni. Kò sí ènìyàn dúdú kan ní New Orleans tí kò mọ̀ pé bí ìrèké bá ti gbó nísàlẹ̀ odò, àwọn ọlọ́pàá a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọwọ́ wò káàkiri. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá rọ̀, alárìnkiri ni, àfi oko ìrèké tààrà. Félicien ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láti ọ̀sẹ̀ kan. Ìbínú ló jẹ́ kó gbàgbé, tó gba ojú títì.

"Mo bi ọ́ léèrè," ni ọlọ́pàá wí. Ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

*

Ní kóòtù lọ́jọ́ kejì, Odalie, ìyàwó rẹ̀, ti jókòó sí ìjókòó iwájú. Ó di apá aṣọ Numa mú bí ẹni pé ó lè sá lọ. Lẹ́yìn pátápátá ni kápítà tó ń darí òṣìṣẹ́ ní oko ìrèké Vasseur jókòó sí, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ń fi àgbọ̀n ka orí àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó ni oko náà ló fẹ́ àbúrò adájọ́. Kì í ṣe àṣírí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè.

Adájọ́ Prewitt sanra, ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè pé, "Ta ló gbà á síṣẹ́?"

Odalie gún Numa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Numa dìde. Kápítà gbójú sókè, kì í sì í ṣe ojú Numa ló wò, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tó ń fọn fèrè rọ̀ ju ti ẹni tó ń ta báńjò lọ. Numa yára ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

"Ó... ó máa ń bá wa ta báńjò, Olúwa mi. Tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, Olúwa mi."

"Numa!" ni Odalie kígbe. "Numa, o ń gbọ́ ara ẹ ṣá?"

Numa ti jókòó. Félicien ò lè bínú sí i, nítorí ó mọ irú ẹ̀rù tó ń bà á. 

Adájọ́ rí báńjò lórí tábìlì akọ̀wé. Ojú rẹ̀ tàn. "O ní báńjò niṣẹ́ rẹ? Ta á ká gbọ́. Èyí tó bá ti pẹ́."

Wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀. Ó ta èyí tí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ lójú àtẹ̀gùn ilé. Àtàǹpàkò ń rìn nísàlẹ̀, kò kánjú; ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ń dá a lóhùn lókè, wọ́n ń já lu orin níbi tí etí ò ti retí wọn, tí ẹsẹ̀ ènìyàn a fi fẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ohun tí fèrè Numa ń ké kiri ilé ijó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní orin tuntun, irú ìka bẹ́ẹ̀ ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Numa. Akọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀. Adájọ́ di ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Obìnrin tó tọ́ mi dàgbà máa ń kọ èyí fún mi," ni ó wí nígbà tí orin parí, ó sì fi áńkáṣífù nu ojú. "Ọdún wo nìyẹn!"

Inú Félicien dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó wo Odalie, Odalie ti ń rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ wọ awò rẹ̀ padà. "Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n fàájì nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ mú ẹni tó kàn wá."

"Ìka ẹ̀, Olúwa mi!" Odalie ti bọ́ síwájú. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdá lé e lọ́wọ́, ẹ dákun! Ẹ ní kí wọ́n fi sí ilé ìdáná, kó máa pọnmi, ohunkóhun—" Ọlọ́pàá tì í síta, ilẹ̀kùn sì pa ohùn rẹ̀ mọ́ ìta.

*

Kì í ṣe ikú ló ń ba Félicien lẹ́rù ní oko Vasseur, bẹ́ẹ̀ sì ni ikú ò jìnnà síbẹ̀. Ìka mẹ́ta ló ń bà á lẹ́rù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí oòrùn tó dé àtàrí, èékánná ìka ìfábẹ̀lá ti ya lára èèkù àdá. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò nà mọ́. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Tobe, tí wọ́n jọ wà lórí ìlà kan náà, na ọwọ́ tirẹ̀ hàn án. Àwọn ìka náà ti ká wọnú bí ìwọ̀ ẹja.

"Ọdún mẹ́ta nìyí," ni Tobe wí. "Bí mo bá sùn, bó ṣe ń rí nìyẹn. Bí mo bá jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Félicien ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àdá sí ọwọ́ òsì.

"Ọmọ mi, kí lò ń ṣe yẹn?" ni Tobe bi í. "Àdá ò mọ òsì rẹ o."

"Bàbá, òsì kàn ń tẹ okùn ni. Ọ̀tún ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí òsì jìyà."

Ó fi ọ̀tún di ìrèké mú jẹ́jẹ́, ó ń fi òsì bẹ́ ẹ. Ó lọ́ra, wọ́n sì nà án nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Lálaalẹ́ ni ó ń fi ọ̀rá tó ṣà nínú oúnjẹ ra èékánná rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ lọ báyìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìrì pọ̀, kápítà wà lórí ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń pariwo pé ẹ̀rọ ń dúró de ìrèké. Félicien gbọ́ tí pàṣán dún nítòsí etí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó yára, ó sì fi àdá ṣá ìrèké tó dì mú.

Kò kọ́kọ́ dùn ún. Ó kàn rí i pé ìrèké náà ṣì dúró. Lẹ́yìn náà ni ó rí èékánná tó ń fi ọ̀rá ra nínú ewé, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un.

"Fi sílẹ̀," ni kápítà wí láti orí ẹṣin. "Ẹ fi àkísà dì í. Ọwọ́ kan ṣì lè yí àgbá."

Ìka àárín lọ láti oríkèé kejì. Ti ìfábẹ̀lá ku kùkùté. Ọjọ́ tó kù, àgbá ṣúgà ni ó ń yí lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ka márùn-ún tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ Prewitt, orúkọ adájọ́, sí lára.

*

Numa wá sílé wọn ní ọ̀sẹ̀ tí Félicien dé. Kò lè wojú Odalie, Odalie ò sì fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ó gbé ègé igbá ahun náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà pupa.

"Félí, ṣé o lè dì í mú?"

Àtàǹpàkò àti kùkùté lè dì í mú. Ó gbá okùn, ó sì dún gbàn-gbàn bí Numa ṣe fẹ́. Láàárín oṣù kan, àwọn oníjó ti ń sọ pé báńjò ẹgbẹ́ Numa ti wá gbóná báyìí. Nílé, bí ó bá rò pé Odalie ò gbọ́, a jẹ́ kí àtàǹpàkò máa rìn nísàlẹ̀, a sì dúró díẹ̀ fún ìdáhùn tí kò wá. Odalie ń gbọ́. Ó máa ń bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n pè wọ́n láti wá ṣeré níbi àpèjẹ ọ̀sán ní àgbàlá ilé ńlá kan. Numa ò sọ ilé ẹni tó jẹ́. Orin kejì ni wọ́n wà nígbà tí ọkùnrin tó sanra, tó wọ aṣọ funfun, bọ́ sórí koríko, àwo àkàrà òyìnbó lọ́wọ́. Félicien súnmọ́ Numa.

"Numa, ilé ta nìyí?"

"Má wojú ẹ̀. Máa gbá báńjò lọ. Àwọn àlejò ló máa kọjú sí, kò ní í mọ̀ ọ́."

Adájọ́ ti ń bọ̀. Ó dá wọn dúró, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. "Ṣé ìwọ kọ́ nìyí? Ìwọ ni! Ìyáàfin, ẹ wá gbọ́. Ta èyí tó o ta fún mi lọ́jọ́ yẹn, orin olùtọ́jú mi."

Ọlọ́pàá kan wà lẹ́nu géètì, ó ń jẹun. Félicien rò ó láàárín ìṣẹ́jú akàn: pé kí òun na ọwọ́ sókè, kí òun sọ oko tó ti ṣẹlẹ̀, kí òun sọ àgbá márùn-ún. Ó tún rántí oṣù kẹwàá, tó máa ń padà wá lọ́dọọdún. Ó yí báńjò díẹ̀ kí adájọ́ má baà rí kùkùté rẹ̀, ó sì fi ègé igbá ahun gbá orin náà bí ó ṣe lè gbá a. Ó pariwo. Kò sí ẹni tó dáhùn lókè.

Adájọ́ tẹ́tí títí ó fi parí, ìbànújẹ́ sì hàn lójú rẹ̀ gan-an.

"Ó mà ṣe o," ni ó wí fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ ò bá gbọ́ ọ nígbà yẹn. Ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún wọn, wọn ò kàn mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀." Ó na àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí Félicien. "Ó yá, gbà. Jẹ́ kí inú rẹ dùn."

Àkàrà náà funfun lórí, ṣúgà bò ó bámúbámú. Félicien fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Jẹ ẹ́," ni Numa sọ sí i létí. "Félí, jọ̀ọ́, ó ń wò ọ́."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì dúpẹ́.