Ta Ló Ni Òkú Àbísóyè?

Kí ikú tó mọ ọ̀nà ilé náà, orin ló máa ń jí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àjà kẹrin ni, ní Berea ní ìlú Johannesburg, nínú ilé gogoro kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ti kú tipẹ́, tí tàgbà tèwe ń fẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn. Bí Revathi bá ti gbé tíì kaná, tí òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù gba inú ilé kan, Àbísóyè á ti dá orin láti inú yàrá:

Ilẹ̀ mọ́, mo rí ọ o,
Ara mi dá ṣáṣá.

Revathi á sì gbè é, pẹ̀lú ohùn tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀:

Ilẹ̀ mọ́, o rí mi o,
Ilé wa kún.

Ọmọ Íńdíà ni Revathi, láti ìlú Madurai. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé e wá sí Johannesburg. Ó ń rán aṣọ fún àwọn eléré orí ìtàgé ní Newtown. Àbísóyè ní tirẹ̀, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, olùkọ́ ìṣirò. Ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ wá wo eré lọ́jọ́ kan, ìṣó kan lára àga sì fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Revathi ló bá a gán an. Láti orí aṣọ gígán, ọ̀rọ̀ di ìfẹ́, ìfẹ́ di ìgbéyàwó níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí òfin ilẹ̀ náà fàyè gbà á kí obìnrin fẹ́ obìnrin.

"Ta ni ọkọ nínú yín?" làwọn èèyàn máa ń bi wọ́n.

"Kò sí ọkọ níbí," Revathi á dáhùn. "Ìyàwó méjì ni wá, a ò sì jẹ́ orogún ara wa."

Yorùbá ló fi ń sọ ọ́ o! Ẹnu Àbísóyè ló ti kọ́ ọ, àti ẹnu Màmá Magdalene, ìyá arúgbó ìjọ Aládùúrà tó ń gbé àjà kejì, tí ahọ́n rẹ̀ ò gbé orúkọ Revathi, tó kúkú sọ ọ́ di Rèbékà.

Ọ̀rọ̀ ìlú kì í jẹ́ kí Revathi jẹun gbádùn. Bó bá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan tún dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń lé àjèjì aláìsàn padà, yóò fi ṣíbí lu tábìlì.

"Òfin tó so èmi àti ìwọ pọ̀, òun náà ló ní kí wọ́n má lé aláìsàn. Wọn ò lè jẹ ìdajì òfin kí wọ́n tu ìdajì dànù!"

"Ìyàwó mi olóṣèlú," Àbísóyè á ní, "ọbẹ̀ ń jóná."

Ó máa ń bá àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn wọ́de lọ sí gbàgede Mary Fitzgerald. Aṣọ ló fi ń rán àkọlé tirẹ̀, kí òjò má baà pa á rẹ́. Àwọn ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí síbẹ̀ a máa fà á létí pé, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá rí ọ, ọmọ Durban bíi tiwa ló máa pè ọ́. Ta ló fẹ́ lé ọ?" Revathi á ní, "Torí pé wọn ò lé mi náà ni mo ṣe ń pariwo. Níbi tí wọ́n bí mi sí, àwọn kan máa ń kọ́kọ́ béèrè ọlọ́run tí èèyàn ń sìn kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n á kí i. Mi ò sá fún ìyẹn tán kí n wá bá wọn ṣe é níbí."

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn ún nínú egungun: kò ní ẹbí mọ́. Ìyá rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn látìgbà tó ti gbọ́ irú ẹni tó fẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n ti sun ún, wọ́n ti da eérú rẹ̀ sódò, kí ẹnikẹ́ni tó pe Revathi. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ mọ́ àwọn ará ilé Àbísóyè. Àbísóyè ti sọ fún un pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ; orúkọ ẹ̀yẹ ló máa ń sọ wọ́n. Ni Revathi bá sọ Tẹjú, ẹ̀gbọ́n Àbísóyè, ní Eyínfúnjowó. Bí Tẹjú bá pe fóònù láti Ìkọ̀lé, Revathi á já a gbà:

"Eyínfúnjowó mi, ẹ kú ilé o!"

Tẹjú á bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, o ṣeun o!"

Revathi á jó yí ilé ìdáná ká. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n sì ti gbà á. Àbísóyè á wò ó, á kọjú sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan tí kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, Àbísóyè ṣubú níwájú pátákó ìkọ̀wé, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ.

Tẹjú wọ bàálù wá. Revathi lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn tó ń fa àpótí kọjá. "Eyínfúnjowó mi, ẹ wo ohun tójú wa rí." Tẹjú fà á dìde, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Revathi rò pé òun ti rí ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù náà.

Mọ́ṣúárì ni wọ́n gbà lọ. Tẹjú sọ fún ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ pé òun wá gbé àbúrò òun relé. Ọkùnrin náà mi orí.

"Eish, Màmá. Kò sí lọ́wọ́ yín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè sọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ."

"Ìyàwó ta ni?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí Revathi.

Wọ́n padà sí Berea. Màmá Magdalene gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, ó gbé abọ́ mọ́ín-mọ́ín tẹ̀lé wọn. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé báyìí ni Tẹjú yíjú sí Revathi.

"Látìgbà wo?"

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀," Revathi ní. "Ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tí mo sọ yín. Ẹ̀ ń pè mí ní ìyàwó."

"Èmi? Ọmọbìnrin tó bá ti kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo ń pè ní ìyàwó! Eyínfúnjowó ni èyí tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà mi náà ń pè mí. Ṣé òun náà fẹ́ àbúrò mi ni? Eré ni mo rò pé ò ń ṣe!"

Revathi jókòó wọ̀ọ̀. Ìyàwó ló ti ń ṣọ̀fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó wá di pé ó tún ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n tí kò fìgbà kan ní.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná," Màmá Magdalene ní. "Òkú ò ní sá."

"Màmá, ṣé ẹ̀yin mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ìjọ mi ní kò dára. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe akọ̀wé Ọlọ́run. Bí ẹsẹ̀ mi bá wú, ta ló ń bá mi gbé omi gun àtẹ̀gùn? Àwọn méjèèjì yìí náà ni."

Revathi dìde. "Ibí ni mo fẹ́ sin ín sí, kí n lè máa wọ taxi lọ bá a ní Sátidé. Bí ẹ bá gbé e lọ, mi ò ní fojú kan ibojì rẹ̀ láéláé. Ẹ̀wọ̀n ni òfin tiyín fi ń dúró de irú mi."

"Wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Ṣé wàá fi òfin gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni?" Tẹjú figbe ta. "Orúnkún Màmá wa ò gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́, áḿbọ̀sìbọ́sí kó wọ bàálù!"

"Òfin ni mo ní. Kí lẹ̀yin fún mi yàtọ̀ sí i?"

Fóònù Tẹjú dún. Ìyá wọn ni. Tẹjú tẹ ibi agbóhùnsókè, ó gbé fóònù lé tábìlì, ohùn arúgbó náà sì kún yàrá.

"Tẹjú, ṣé o rí i? Ṣé ojú rẹ̀ ò wú?"

"Kò wú, Màmá."

"Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ìyá kì í rí òkú ọmọ. Mi ò ní yọjú, inú yàrá ni máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sún mọ́ mi, kí n lè máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń sin ín." Ó tún ní, "Ọmọ Íńdíà tó ń bá a gbé ńkọ́? Ẹ ní kó jẹun o."

Revathi kọjú sí ògiri. Ohun tí òun náà bi arákùnrin rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ ikú bàbá wọn nìyẹn: ṣé ojú rẹ̀ ò wú? Arákùnrin rẹ̀ ti pa fóònù kó tó parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgboro ni Revathi sì ti gbé àkọlé kiri pé kí wọ́n má fi òfin ti ẹnikẹ́ni mọ́ta. Ilẹ̀kùn kan rèé, ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

"Ẹ gbé e lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n aṣọ tí yóò wọ̀, èmi ni máa rán an."

Aṣọ funfun ló rán. Kò nílò ìwọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ mọ Àbísóyè láti èjìká dé kókósẹ̀. Òun àti Tẹjú ni wọ́n jọ wọ̀ ọ́ fún un ní mọ́ṣúárì. Tẹjú rọra dá orin:

Arelé o, rọra máa lọ,
Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ò dùn ọ́ mọ́.

Revathi gbè é. Tẹjú ò ní kó dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tẹjú fi fóònù tó ń gbé àwòrán pè é, bó ṣe ṣèlérí. Revathi àti Màmá Magdalene jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé fóònù ti ìgò omi. Wọ́n rí erùpẹ̀ pupa, wọ́n rí àwọn ọkùnrin tó di okùn mú. Wọ́n gbọ́ tí àlùfáà ń dárúkọ àwọn tí olóògbé fi sáyé lọ: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ó parí síbẹ̀.

Ohùn arúgbó jáde láti ojú fèrèsé kan. "Tẹjú! Aṣọ wo lẹ wọ̀ fún un?"

"Aṣọ funfun, Màmá. Ó bá a mu rẹ́gí."

"Ta ló rán an?"

Àwòrán náà mì. Ojú Tẹjú yọ, ó wo Revathi, ó tún wo fèrèsé.

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, Màmá. Ní Johannesburg."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ," ni arúgbó náà wí.

Màmá Magdalene nawọ́ láti pa fóònù. Revathi di ọwọ́ náà mú. Ó ń wò títí wọ́n fi kó erùpẹ̀ bo pósí, títí àwọn ọkùnrin náà fi gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, tí wọ́n ń béèrè omi tí wọ́n máa fi fọwọ́.