Ohun Tí Ẹ̀rọ Náà Kọ́

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fi ọpọlọ sínú agbárí, tó tún fún wa ní ojú tí a fi ń wò ó.

Ní ilé ìwòsàn, àwòrán orí bàbá káfíńtà kan ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán gbé èsì jáde: àìsàn ìgbàgbé ti ń jẹ ọpọlọ rẹ̀. Ìyá Fọ́tò, bí àwọn aláìsàn ṣe ń pe obìnrin tó ń ya àwòrán náà, fajú ro. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ ọmọ-ọmọ mọ́kànlá fún un láìsinmi? Bàbá ní ọjọ́ ìbí ìyàwó òun nìkan ni òun gbàgbé, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ ni. Bí dókítà bá fọwọ́ sí èsì yìí, bàbá ò ní fọwọ́ kan ayùn mọ́ láyé.

Ìyá Fọ́tò tọ ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ́ ẹ̀rọ náà níṣẹ́ lọ. Ìyẹn ní ẹgbẹ̀rún méjì àwòrán tí Ìyá Fọ́tò ti yà ni òun fi kọ́ ọ, ti aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìyá Fọ́tò ní kó bi ẹ̀rọ léèrè ibi tó ń wò gan-an. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan, àwọ̀ pupa sì tàn lórí àwòrán níbi tí ẹ̀rọ ń wò. Kò tàn sórí ọpọlọ rárá. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ló tàn sí.

“Mà, kí lèyí?”

“Ìrọ̀rí mi ni.”

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi ìrọ̀rí kékeré ti orí àwọn aláìsàn ìgbàgbé tí orí wọn bá ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ọrùn tó ń dun káfíńtà ló jẹ́ kó fún òun náà.

“Ẹ̀rọ yìí ò tíì mọ àìsàn o,” ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. “Àánú yín ló mọ̀.”

Wọ́n tún àwòrán yà láìsí ìrọ̀rí. Ẹ̀rọ ní ara le; dókítà fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà kọ àìsàn díẹ̀ sí i, kí òun rí nǹkan fi han ìyàwó òun.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Ìyá Fọ́tò rántí ọ̀gá akọrin kan tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó kọ ìrọ̀rí, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́, ó sì fi agídí dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ ò rí ìrọ̀rí, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Orin ìyìn ló kọ jáde.

Ó fa ìwé orúkọ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà ọ̀gá akọrin, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ òun náà wò.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, kí Olúwa fún yín ní ẹni tí yóò tún yín wò lẹ́ẹ̀kejì.