Mo Ti Ri Oko

"Ọkọ ni!"

"Ọkọ̀ ni, orí ẹ dàrú!"

"Ta lorí ẹ̀ dàrú? Ìwọ tó ń fá orí olórí kiri?"

Èmi àti Télọ̀ nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tá a jọ háyà. Èmi ń gẹrun fún oníbàárà kan níwájú dígí, òun wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ayélujára là ń pè é, torí látọjọ́ tó ti ra fóònù ńlá ni kì í ti í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú mọ́. Èmi tó lè na ẹsẹ̀ ta nípàá, fóònù ló fi ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìyàwó ẹ̀ ló bínú lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ó ní òun ò lè máa fẹ́ ọkùnrin tó ń tẹ "kaaro" ránṣẹ́ sóun, tí àwọn méjèèjì sì jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Látìgbà náà, Télọ̀ ò ran nǹkan kan, ó kàn ń retí kó padà. Ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìyàwó ẹ̀ bá wọlé láàárọ̀ yìí, kò lámì lórí, kò lámì nídìí: "Mo ti ri oko. Mo n bo."

"Ó ti rí ọkọ mìíràn," Télọ̀ ní. "Ó ń bọ̀ wá kẹ́rù ẹ̀."

"Ọkọ̀ ló wọ̀, ọ̀gbẹ́ni! Pè é, kó o gbọ́ lẹ́nu ẹ̀."

"Pè é kẹ̀? Ta ló ṣì ń pe èèyàn? Ṣé ayé àtijọ́ la wà ni?"

Ó ní kí fóònù tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ kà á sókè. Fóònù kà á bí ẹni tó fẹ́ sín: "Mo ti rí ọkọ́."

"Ọkọ́!" Díẹ̀ ló kù kí n gé etí oníbàárà mi. "Ó ti rí ọkọ́, ó ń bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀ tó máa sin ẹ́ sí!"

Kò rẹ́rìn-ín. Irú wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́, àwòrán ẹ̀rín ni wọ́n ń tẹ̀. Ó fi itọ́ pa ojú kó lè dán, ó ya fọ́tò ara ẹ̀, ó gbé e síta fáráyé: "Iyawo mi ti fe elomiran. E ba mi dupe, mo ti bo!" Àwọn tí kò fún un ní bọ́tìnnì rán rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire.

Ká tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ dúró níta. Ìyàwó ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, báàgì lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, fọ́tò yẹn lójú ẹ̀ gbàgàdà.

"Mo ti dárí jì ẹ́ lọ́nà o," ló wí jẹ́jẹ́. "Ibi tí mo ti ń ro ohun tí mo máa sè fún ẹ ni mo ti rí i pé o ti bọ́. Ó dáa. Bọ́ bẹ́ẹ̀."

Awakọ̀ ò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ó nawọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, obìnrin náà padà wọnú ọkọ̀, wọ́n lọ.

"Ayélujára," mo ní, "ọkọ̀ àbí ọkọ?"

Ó wo ọkọ̀ náà títí ó fi yà níkòríta.

"Ṣó o rí bí awakọ̀ yẹn ṣe ṣílẹ̀kùn fún un? Ọkọ ni!"

Ó fi téèpù kọ́rùn, ó gbáyà síta, ó jáde lọ bí ẹni tó dá èèyàn mọ́lẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù mi fi dún. Òun ni: "Mo so fun e."

Kò lámì kankan. Mo kà á fún oníbàárà mi bó ṣe yẹ ẹ́: ó só fún mi.