Ẹ̀wà Pupa Tí Wọ́n Ní Ó Pa Ọmọ

Láti ìdájí ni Bunrye ti wà nídìí ìkòkò. Dọ́ńjì ni, ọjọ́ tí òru rẹ̀ gùn jù lọ lọ́dún, ó sì ń ro ẹ̀wà pupa bí ẹni ń ro ògì, kí Jaeseok ọmọ rẹ̀ lè bá a lórí iná. Jaeseok àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ìlú ńlá. Bunrye kò tíì gbé ọmọ náà rí.

Okdan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, wọlé, ó yọjú sínú ìkòkò.

"Ìyàwó, ṣé o tún fẹ́ ṣe é ni?"

"Kí ni mo tún ṣe, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Dọ́ńjì ọmọdé ni tọdún yìí. Wọn kì í se ẹ̀wà nílé tí ọmọ wà. Àbí o ti gbàgbé Yeonhui?"

Bí ẹni fi ata sójú egbò ni. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí Yeonhui, àkọ́bí rẹ̀, ti kú, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn Dọ́ńjì. Ilé ọkọ ní Dọ́ńjì ọmọdé ni, ẹ̀wà tó sè ló pa á. Nígbà tó bí Jaeseok, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Okdan ló tọ́ ọ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Tí wọ́n bá dé, má gbé ọmọ yẹn o," Okdan ní.

Inú bí Bunrye. "Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ tọmọdé?" Kò béèrè rí, kò lè ka kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó ń tẹ̀lé òṣùpá, bàbá ọkọ rẹ̀ ló ń kà á fún gbogbo ilé.

"Ṣé ìyẹn náà le? Bí oṣù tó lé kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá, tọmọdé ni."

Ọwọ́ Bunrye dúró. Lálẹ́ Dọ́ńjì ọdún tí Yeonhui kú, kò gbé fìtílà nígbà tó ń wọ́n ẹ̀wà sára ògiri ẹnu ọ̀nà láti fi lé ẹ̀mí burúkú. Yeonhui wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nawọ́ sí òṣùpá, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun jẹ.

"Òṣùpá àrànmọ́jú ló wà lókè lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Roboto ni. Oṣù ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá."

Okdan gbé ọmọrí, ó dé ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò ní kó dé.

"Ẹ mọ̀," Bunrye ní.

"Bàbá wa ló ní ká má sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ìyàwó."

Bàbá ti kú. Ọkọ Bunrye náà ti kú, títí tó fi kú ló sì gbà pé ìyàwó òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Kò sí ẹni tí Bunrye fẹ́ lọ bá jà.

"Ẹ̀yin ni Jaeseok kọ́kọ́ pè ní ìyá," ó ní.

Ọkọ̀ dúró níta. Okdan dìde. Bunrye jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú ilé, ó sì lọ gba ọmọ.