Rárá, Sà

Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ Dókítà Basnet kí Manrupa, nọ́ọ̀sì rẹ̀, tó ṣàkíyèsí pé bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń fi àtàǹpàkò nu ètè rẹ̀. Itọ́ kọ́ ló ń nù. Ètè náà gbẹ, síbẹ̀ ó ń nù ún ṣáá, bí ẹni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn.

Sájẹ́ǹtì Harkajang ni bàbá náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti abúlé rẹ̀ lókè, nítorí pé ọjọ́ ìfarahàn ni: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ń wá sí ilé ìwòsàn wọn, kí dókítà lè fọwọ́ sí i pé wọ́n ṣì wà láàyè. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó wọlé, ó dúró ṣánṣán, ó gbọ́wọ́ sórí kí ọ̀gá, ó sì wó lulẹ̀ gbì.

Ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Yóò sáré, yóò sáré, yóò dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ orí ni," Dókítà Basnet wí. "Abẹ́rẹ́ yìí máa mú un rọlẹ̀. Di apá rẹ̀ mú, Sísítà."

Manrupa di apá náà mú, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Ọmọ darandaran ni. Láti kékeré ló ti mọ bí ewúrẹ́ tó jẹ gbòǹgbò bikh ṣe máa ń fi ẹnu ha òkúta kó tó kú. Ó sì mọ̀ pé àwọn amchi, oníṣègùn orí òkè, máa ń se gbòǹgbò yẹn fún ọjọ́ púpọ̀ kí oró rẹ̀ tó rọ̀, wọn a wá fi ṣe oògùn orókún. Bó bá jẹ́ òun ló wà nínú bàbá yìí, abẹ́rẹ́ náà máa mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá.

Ta ló máa sọ ọ́? Méjọ̀ ni Basnet nínú iṣẹ́ ológun kó tó fẹ̀yìn tì. Kò gbàgbé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé," ni ó máa ń wí. Lọ́dún tó kọjá, ó lé ọkùnrin tó ń di egbò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó fi òróró amchi ra ẹ̀yìn aláìsàn kan. Bẹ́ẹ̀ ìgò irú òróró yẹn wà nínú báàgì Manrupa fúnra rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ó lo oògùn mìíràn."

"Sájẹ́ǹtì! O lo oògùn mìíràn?"

Nínú ìdùbúlẹ̀ tó wà, bàbá náà pa gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀. "Rárá, sà!"

"Ṣó o gbọ́?"

Ọdún mọ́kànlá ni Manrupa ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arúgbó wọ̀nyí. Òun náà ló ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: *Kò sí.* Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo gìgísẹ̀ wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá ni bàbá yìí ń dá lóhùn, kì í ṣe ìbéèrè.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó fi apá bàbá sílẹ̀, ó fa ìgò náà yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

"Bàbá, tèmi rè é. Ìbàdí ni mo fi ń ra. Kí ni amchi fún ẹ̀yin?"

"Manrupa!" Dókítà pariwo.

Bàbá wo dókítà, ó wo ìgò. "Ètè mi ti kú, ọmọ mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Hóró dúdú ni. Ó ní kí n máa lo ẹyọ kan láàárọ̀. Ó bá orókún mi mu, kí n má purọ́."

"Mélòó lẹ lò lónìí?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà ké! Kí ló dé?"

"Ṣé kí n wá máa tiro níwájú méjọ̀ ni?"

Ọwọ́ Dókítà Basnet dúró lófuurufú.

"Gbòǹgbò bikh ni, sà," Manrupa wí. "Bẹ́ ẹ bá gún un ní ìyẹn, kò ní jí mọ́."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. "Àpótí pupa, ti oògùn pàjáwìrì. Kíá!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkàn bàbá dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ àyà rẹ̀ tó fi padà. Nígbà tí oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó ti ń sùn, ó ń hanrun.

"Ọdún mélòó lo ti ń lo nǹkan yẹn?" Dókítà bi Manrupa, kò wo ojú rẹ̀.

"Mẹ́rin, sà."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Fún ìbàdí mi, ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ti ẹlòmíràn, sà."

Ó ń retí kí dókítà lé òun. Síbẹ̀ ó ṣí fáìlì Harkajang láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí. Kò sí. Kò sí. Ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára ló kún ibẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ojú tì í.

Àwọn arúgbó ṣì wà lórí ìlà níta. Èyí tó kàn wọlé, ó pa gìgísẹ̀ pọ̀. Manrupa fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, bàbá. Oògùn wo lẹ tún ń lò?"

Kò jókòó. Dókítà ló ń wò. Dókítà náà ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ife tíì rẹ̀, ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá náà tẹ́tí títí ìró ẹsẹ̀ fi jìnnà. Ó jókòó, ó sì ti ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù rẹ̀.