Ọjọ́ Tí Àwọn Tíṣà Cabaritan Lọ Sódò

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ tíṣà rọrùn, ẹ kó ọmọ méjìlélógójì fún un nínú yàrá kan ṣoṣo lóṣù kẹrin, nígbà tí páànù orí ilé bá ti gbóná, kí ẹ wá padà lọ wò ó lọ́sàn-án. Nerissa Agbayani ṣe é fún ọdún mẹ́ta ní abúlé Cabaritan. Kò sí ọjọ́ kan tí kò ráhùn: ọ̀fun ń dùn ún, eruku ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀ ọ́ nímú, ọmọ kan ti bì sórí ìwé ọmọ mìíràn. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìráhùn yẹn, láti ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀, kò tún lá àlá iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Bó ṣe kúrò ni kò dára. Ìdánwò ìjọba wà tí tíṣà gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó lè fún un níṣẹ́ gidi, Nerissa sì kùnà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó yege ni orúkọ wọn máa ń jáde, ta ni kì í ka orúkọ ní Cabaritan? Títí kan ẹni tí kò mọ̀wé kà, á ní kí wọ́n kà á fún òun. Nerissa tó ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì pé ẹni tó bá kàwé kì í kùnà, ojú wo ló fẹ́ fi wò wọ́n? Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wọ bọ́ọ̀sì. Kò dágbére fún ọmọ kankan.

Ó kọ́kọ́ ta oògùn fún oṣù mẹ́jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Laoag. Lẹ́yìn náà ló gòkè lọ sí Baguio, ìlú olótùútù, ó di ẹni tó ń gbé fóònù sétí, tó ń dá àwọn ará Amẹ́ríkà lóhùn nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bá bàjẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ni Kelly. Kelly tí kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ rí láyé, tí ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ fọṣọ títí dòní! Síbẹ̀ ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Nerissa ni yóò máa darí èèyàn méjìlá.

Ṣùgbọ́n ó ti lọ ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì yege. Ọ̀gá Domeng, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Cabaritan, rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ó pè é. Tíṣà kíláàsì kejì ń fẹ̀yìn tì. Bí Nerissa bá fẹ́ àyè náà, kó kó ìwé rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, nítorí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun òun gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé kan náà, ibi méjì. Ọ̀gá Domeng wá fi kún un pé, "Lọ́jọ́ Sátidé a ń lọ ṣeré létí odò. Ìwọ ṣáà wá jẹun."

Bó ṣe jókòó nínú jíípì láàárọ̀ Sátidé yẹn, àárò ń sọ ọ́ débi pé ó ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rántí kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń dán ilẹ̀ kíláàsì. Wọ́n á kun ìda pupa sílẹ̀, oníkálukú á fi ẹsẹ̀ kan tẹ èèpo àgbọn mọ́lẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, méjì méjì, bí ẹni ń jó, títí ilẹ̀ á fi máa dán. Òun Nerissa á gun orí àga, nítorí wọn kò ní jẹ́ kó fi bàtà tẹ iṣẹ́ wọn. "Tíṣà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o! Kò tíì gbẹ!" Ní Baguio, bó bá gbọ́ òórùn ìda níbikíbi, omi á dé sí i lójú.

Tíṣà Lucing ló kọ́kọ́ rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Ẹnu obìnrin yìí kì í gbélé.

"Ẹ wá wò ó o, ará Amẹ́ríkà ti dé! Kelly, jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ò yí mọ́!"

"Ṣé ẹ ti ki iná bọ̀ ọ́, màdáámù?" ni Nerissa dáhùn pẹ̀lú ohùn ibi iṣẹ́, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó lọ sọ́dọ̀ Manang Sabel, ẹ̀gbọ́n àgbà gbogbo wọn, ẹni tó ti ń se oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó bí Nerissa. Ó mú ọwọ́ ìyá náà, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ìyá náà kò jẹ́ kó dìde tán tó fi fọwọ́ fún apá rẹ̀ wò.

"Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ lọ́hùn-ún? Atẹ́gùn?"

"Oúnjẹ wà, Manang. Mi ò kàn mọ adùn ẹ̀ ni."

"Jókòó síbẹ̀."

Wọ́n ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, wọ́n kó ìrẹsì, ẹja yíyan, ìgbá àti omi ẹja oníyọ̀ tó ń rùn tó sì ń dùn sórí rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Nerissa jẹ, ó tún jẹ. Inú rẹ̀ dùn bí ó ti yẹ kí inú èèyàn dùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ọ̀gá Domeng pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò ní fipá mú ẹ o."

"Mo mọ̀, sà. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Àwọn tèmi?"

"Wọ́n ti wà ní kíláàsì karùn-ún." Ó yọ fìlà, ó tún un dé. "Wọ́n ṣì ń bínú sí ẹ. Wọ́n ní o ò dágbére."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ká sọ òtítọ́, Baguio kọ́ ló ń dá a dúró, ipò tuntun náà kọ́. Ìtìjú ni. Ẹni tó sá kúrò níbì kan bí olè, báwo ló ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé padà? Ó ń rò pé bóyá kí òun kúkú máa bá èèyàn méjìlá òun lọ, kí ẹ̀rọ ìfọṣọ máa bàjẹ́, kí ayé máa lọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n kó ẹrù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í kàn dìde kúrò létí omi bẹ́ẹ̀. Ara lè máa lọ sílé kí ẹ̀mí ṣì máa ṣeré nínú odò. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, á máa jẹun, kò ní mọ adùn. Á máa sùn, kò ní sinmi. Nítorí náà àgbà gbọ́dọ̀ pe oníkálukú lórúkọ kó tó kúrò. Manang Sabel ká yẹ̀rì sókè, ó wọ inú omi dé orúnkún.

"Lucing, máa bọ̀ o! À ń relé, má dúró sẹ́yìn o!"

"Mò ń bọ̀!"

"Domeng, máa bọ̀ o! À ń relé!"

"Mò ń bọ̀, Manang!"

Báyìí ló ṣe ń pè wọ́n títí ó fi kan Nerissa.

"Ó ku ìwọ. Èwo ni kí n pè? Bàbá ẹ ní Kelly ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá odò wa gbọ́ Kelly."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nerissa kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má pè mí, Manang."

"Kí lo wí?" Ìyá náà yíjú padà nínú omi. "Ṣé orí ẹ pé? A kì í fi ẹ̀mí èèyàn sílẹ̀ fún odò!"

"Kì í ṣe nínú odò ló wà. Láti ọdún mẹ́ta ló ti wà ní Cabaritan níbí. Ìdájí tí mo lọ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí, torí mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é báyìí, ó máa bá mi wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kó dúró. Mò ń lọ kó ẹrù mi ni. Lọ́jọ́ Ajé màá wá bá a níbí."

Ọ̀gá Domeng ń wo òkè odò bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Manang Sabel ronú díẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lábọ̀. Ó kọjú sí omi padà, ó sì fi ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ wá jẹun ké orúkọ tí àwọn ọmọ fi ń pe Nerissa jáde.

"Tíṣà Neri! Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ jáde nínú omi, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ oko ìrẹsì! Tẹ́ ẹ bá ti dé ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ o! Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì o!"

"Mò ń bọ̀, Manang," ni Nerissa dáhùn.