Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Jáde

Nígbà tí ìyàwó káfíńtà kú, káfíńtà kó iṣẹ́ wálé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì o, ṣùgbọ́n bó bá ti tì í nírọ̀lẹ́, tó wọ yàrá, ṣe ni ibẹ̀ máa ń dá wáí. Ló bá gbé ayùn iná àti pákó wọlé. Ariwo ayùn kì í ṣe èèyàn, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa wo ògiri lọ.

Màmá onílé kìlọ̀ títí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wáyà ayùn ṣáná, èérún pákó sì gbiná. Èéfín bo gbogbo ilé. Ìyá ìkókó tó ń gbé yàrá kejì gbọ́mọ sá jáde láìwọ bàtà. Wọ́n rí iná náà pa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, màmá fúnra rẹ̀ mú ìwé wá pé kí káfíńtà kó jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ohun tẹ́ ẹ wí lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Yàrá lẹ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ ò gba ṣọ́ọ̀bù. Ká ní ọmọ yẹn kú ńkọ́?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Ẹ ò jẹ̀bi, mà. Ilé ló dákẹ́ jù."

Ojú màmá rọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ìwé padà. "Ilé tèmi náà dákẹ́. N ò torí ẹ̀ dáná sun èèyàn."

Káfíńtà kó ẹrù tán, ó ku bẹ́ẹ̀dì. Inú yàrá yẹn ló ti kàn án lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di pákó mú, tó ń rẹ́rìn-ín pé, "Báwo la ṣe máa gbé e jáde?"

"Níbo la fẹ́ lọ?" lòun náà fi dá a lóhùn.

Ó gbé ayùn lé igi bẹ́ẹ̀dì náà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni màmá wí lẹ́nu ọ̀nà. "Tọkọtaya ló ń kó bọ̀. Wọ́n á lò ó."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí màmá, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn báyìí. Kò sẹ́ni tí ariwo rẹ̀ ń dí lọ́wọ́ níbẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì tó tẹ́ sílẹ̀ gba èèyàn méjì, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń há ara rẹ̀ mọ́, tó ń fi apá kejì sílẹ̀.